Aago Mélòó Ni Òjò Náà Rọ̀?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa tí à ń dán àwòṣe ojú-ọjọ́ wò kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé ó ń bá ti òde mu?" Oníròyìn ń bi wá, òṣìṣẹ́ ìjọba ń bi wá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra àtigba oyè ọ̀mọ̀wé náà ń bi wá. "Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni wọ́n ń retí. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí débi tí mo fi ń dá ìbéèrè náà padà fún ẹni tó bi í: kí ni ẹ fẹ́ kó bá mu? Ṣé iye òjò ọdún ni, àbí ọjọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀, àbí wákàtí tó rọ̀, àbí bó ṣe le tó? Àwòṣe kan lè gba máàkì tó ga nínú ti àkọ́kọ́, kó sì fìdí rẹmi nínú mẹ́ta tó kù. Ní ilẹ̀ olóoru, iye òjò ni ìdánwò tó rọrùn jù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwòṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀, kó bi í ní aago tí òjò rọ̀.

Òfin físíìsì tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà ni àwòṣe ojú-ọjọ́: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn, bí omi òkun ṣe ń di ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, bí ilẹ̀ ṣe ń gba ooru oòrùn tó sì ń dá a padà. A ta àwọ̀n bo agbègbè tí a fẹ́ yẹ̀ wò, láti ilẹ̀ dé òkè réré, kọ̀ǹpútà a sì máa ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, títí ogún ọdún yóò fi pé. Àwòṣe gbogbo-ayé ta àwọ̀n tirẹ̀ bo ilé ayé, ojú rẹ̀ sì sábà máa ń fẹ̀ tó kìlómítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòṣe ẹkùn ta tirẹ̀ bo apá ibì kan péré kí ojú àwọ̀n náà lè kéré. Ẹ̀fúùfù àti ọ̀rinrin tó bá ń wọlé láti ẹ̀yìn ààlà, àwòṣe gbogbo-ayé tàbí àkọsílẹ̀ ojú-ọjọ́ ayé ló ń bá a pèsè wọn.

Ní 2009 ni ètò ìwádìí ojú-ọjọ́ àgbáyé tí a mọ̀ sí WCRP dá iṣẹ́ àjọṣe kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní CORDEX, kí àwọn tó ni àwòṣe ẹkùn lóríṣiríṣi lè ta àwọ̀n kan náà sórí ilẹ̀ kan náà. Áfíríkà ni wọ́n fi ṣíwájú, ojú àwọ̀n sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 50. Fún ìdánwò àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n fi sí ẹnu ààlà ni ERA-Interim, àkọsílẹ̀ ojú-ọjọ́ ayé tí ibùdó ECMWF ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún tò láti inú ìwọ̀n gidi, láti 1989 dé 2008. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí ohun tó ti ẹ̀yìn ààlà wọlé bá ti sún mọ́ òtítọ́, àṣìṣe tó bá yọ nínú ilé, ti onílé ni. Àwòṣe mẹ́wàá ló jókòó fún ìdánwò náà nínú iṣẹ́ tí Grigory Nikulin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2012. Lára wọn ni RCA láti Sweden, REMO láti Jámánì, HIRHAM láti Denmark, àti RegCM láti ibùdó ICTP ní Trieste, ilẹ̀ Ítálì. Ní 2014, Emiola Gbobaniyi àti ikọ̀ rẹ̀ gbé àwòṣe mẹ́wàá yẹ̀ wò fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òjò àti ìwọ̀n ooru pọ̀.

Èsì wọn dára lójú. Ẹ̀fúùfù olómi láti Òkun Guinea ń wọlé nígbà tó yẹ, ó ń pàdé ẹ̀fúùfù gbígbẹ aṣálẹ̀, ojú ìpàdé wọn sì ń tẹ̀lé oòrùn gòkè lọ sí àríwá, ó tún ń sọ̀ padà. Òjò gúúsù pọ̀ ní oṣù kẹfà, ó rọlẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó tún pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Òjò Sahel ní tirẹ̀ pọ̀ jù ní oṣù kẹjọ. Àwọn àwòṣe náà mú ọ̀pọ̀ nínú èyí. Àṣìṣe wà, ó sì yàtọ̀ gan-an láti orí àwòṣe kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n bí a bá wá ìpíndọ́gba gbogbo wọn, ó sàn ju ọ̀pọ̀ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ta ni ìbá kùnà irú ìdánwò bẹ́ẹ̀? Ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, òjò ọdún kan ń lọ sí nǹkan bíi mílímítà 10,000. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Niger kò tó 200. Bí ìyàtọ̀ bá ti tó báyìí, àwòṣe tó bá ti mọ̀ pé òkun wà ní gúúsù, tí aṣálẹ̀ sì wà ní àríwá, yóò gba máàkì ìbáramu tó sún mọ́ 1, ìyẹn máàkì pípé. Bákan náà ni ti oṣù. Kàlẹ́ńdà ara ògiri mọ̀ pé oṣù kìíní gbẹ, oṣù kẹfà sì tutù, kò sì kọ́ físíìsì rí. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àwòrán wá fi hàn mí pé, "Sà, ìbáramu rẹ̀ jẹ́ 0.95," ohun tí mo máa ń bi í ni iye tí kàlẹ́ńdà lásán ìbá gbà. Àwòrán onílàjì-àyíká tí Karl Taylor gbé jáde ní 2001, tí gbogbo wa fi ń wé àwòṣe mọ́ àwòṣe, ní kùdìẹ̀-kudiẹ tirẹ̀ náà: a máa yọ ìpíndọ́gba kúrò kí a tó yà á, débi pé àwòṣe tó fi mílímítà méjì lé òjò ojoojúmọ́ lè jókòó síbi tó dára jù nínú rẹ̀.

Ti aago le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òjò tó ń fún wa ní omi púpọ̀ kì í ṣàdédé ṣú lórí ilé ẹni. Ó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀. Oòrùn ọ̀sán a mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin a ru sókè lórí àwọn òkè bíi ti Jos àti ti Kamẹrúùnù, ìjì a kó ara wọn jọ di ọ̀wọ́, ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin lókè a sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rìn. Irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ lè rin kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ó sì lè fi gbogbo òru rìn. Ìjì líle tí í ṣí páànù ni yóò kọ́kọ́ dé, òjò ńlá a tẹ̀lé e, wẹliwẹli a wá gbẹ̀yìn. Ní Sahel, ọ̀wọ́ ìjì báyìí ló ń rọ èyí tó pọ̀ jù nínú òjò ọdún. Nítorí ìrìn yìí, ìrọ̀lẹ́ àti òru ni òjò ń dé ọ̀pọ̀ ìlú, aago tó ń dé sì wà lọ́wọ́ bí ìlú náà ṣe jìnnà sí ibi tí ìjì ti gbéra.

Nígbà tí ikọ̀ Nikulin wá wo aago òjò àwọn àwòṣe mẹ́wàá tiwọn, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ń rọ̀ ọ́ ní nǹkan bí ọ̀sán gangan, nígbà tí àwòrán sátẹ́láìtì TRMM fi hàn pé òjò òde ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ojú àwọ̀n ló fa èyí. Ìjì kan ṣoṣo lè má fẹ̀ ju kìlómítà mẹ́wàá lọ. Ojú àwọ̀n tó fẹ̀ tó 50 kò lè rí i. Dípò rẹ̀, a kọ òfin àfidípò sínú àwòṣe: bí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ bá ti gbóná tó báyìí, tó sì lọ́rinrin tó báyìí, kí òjò rọ̀. Emanuel ní òfin tirẹ̀, Grell ní tirẹ̀, Tiedtke ní tirẹ̀, Kain àti Fritsch náà ní tiwọn. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ọ̀sán ni oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná jù, ọ̀sán ni òfin náà máa ń ṣẹ. Òjò á rọ̀ sójú kan, kò níí rìn, kò níí ní ìjì níwájú. Lọ́jọ́ kejì, á tún rọ̀. Kò le, ṣùgbọ́n kì í sinmi.

Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ jọ fún oṣù kan. Ìjì mẹ́jọ tó rọ mílímítà 25, mílímítà 200 ni. Ogún ọjọ́ tó rọ mílímítà 10, 200 náà ni. Lórí ìwé, méjèèjì dọ́gba. Ní oko àti ní odò, wọn kò jọra rárá. Mílímítà 25 tó rọ̀ láàárín wákàtí kan yóò ṣàn lọ sí kòtò àti odò. Mílímítà 10 tó ń rọ̀ ní ọ̀sán-ọ̀sán, ilẹ̀ yóò mu ún, ewé yóò sì dá púpọ̀ rẹ̀ padà sínú afẹ́fẹ́. Àwòṣe tí iye òjò rẹ̀ pé lè fún onímọ̀ ìsédò ní odò tí kò sí.

Àgbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ yìí. Ọ̀kan lára wọn ní Òkè-Ògùn sọ fún mi pé, "Dókítà, ẹ má wulẹ̀ ka iye òjò fún mi. Bí àkọ́rọ̀ bá dé, ṣé yóò dúró, àbí ẹ̀tàn ni?" Ìbéèrè rẹ̀ gan-an ni àwa náà ń bi àwòṣe. Lára ọ̀nà tí a fi ń mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò ni pé kí nǹkan bíi mílímítà 20 rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ọ̀dá gígùn má sì tẹ̀lé e, nítorí ọ̀dá yẹn ló ń pa àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Àwòṣe tó ń ṣẹ́ wíníwíní lójoojúmọ́ kì í ní ọ̀dá. Bí a bá ka ọjọ́ tó rọ mílímítà 1 sí ọjọ́ òjò, gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ni yóò di ọjọ́ òjò. Àkọ́rọ̀ rẹ̀ yóò dé kíá, yóò sì dà bí ẹni pé ó dúró. Ẹni tó bá fi gbin àgbàdo yóò kó èso rẹ̀ dànù, bẹ́ẹ̀ iye òjò ọdún inú kọ̀ǹpútà kò lẹ́bi. Àrọ̀kúrò náà ń bá a rìn: òjò tó yẹ kó ti lọ yóò ṣì máa kán tótó.

Ohun tí a fi ń wọn àwòṣe náà kì í ṣe aláìlẹ́bi. CRU ní Norwich àti GPCC ní Jámánì ń kó ìwọ̀n láti inú òṣùwọ̀n òjò orí ilẹ̀; níbi tí òṣùwọ̀n kò bá sí, wọ́n á fi ti ibi tó jìnnà dí i. GPCP àti CHIRPS ń pa sátẹ́láìtì pọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n ilẹ̀, bí TRMM náà ti ṣe títí iṣẹ́ rẹ̀ fi parí, kálukú wọn sì ní ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Bí a bá fi wọ́n wé ara wọn lórí òjò ojoojúmọ́, pàápàá òjò ńlá, wọn kì í fohùn ṣọ̀kan. Sátẹ́láìtì ń wo òkè àwọsánmà tàbí yìnyín inú rẹ̀, ó sì ń méfò ohun tó kàn ilẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a ń lò jù ní ibùdó ojú-ọjọ́ wa, ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju mílímítà 127 lọ, nígbà tí ojú àwọ̀n kan gba ilẹ̀ tó tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,500. Ẹni eji rí leji ń pa: òjò lè bo Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn kí eruku ṣì máa sọ ní Mọ́níyà. Fífi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo dá àwòṣe lẹ́bi kò bójú mu. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń to àkọsílẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ, mo sì máa ń wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn. Bí àwòṣe bá bọ́ sáàárín wọn, n kò ní pè é ní òpùrọ́. Bí ó bá bọ́ sẹ́yìn gbogbo wọn, ẹjọ́ dé nìyẹn.

Ìwọ̀n ooru ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó rọrùn, òtítọ́ sì wà níbẹ̀. Ikọ̀ Gbobaniyi rí i pé ìyàtọ̀ láti ọdún dé ọdún dára nínú ìwọ̀n ooru àwòṣe ju ti òjò lọ. Síbẹ̀, ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ìlú Jos ga ju mítà 1,200 lọ. Bí ojú àwọ̀n tó wà bá da òkè àti àfonífojì pọ̀, tó sì sọ ọ́ di mítà 800, àwòṣe yóò fi nǹkan bíi 2.6°C gbóná ju òde lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ń tutù ní bíi 6.5°C fún kìlómítà kan tí a bá gùn. Àṣìṣe yẹn kì í ṣe ti físíìsì, a sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kí a tó dájọ́.

Èyí tó ń fún mi ní iṣẹ́ ṣe ni ooru tó tọ̀nà fún ìdí tí kò tọ̀nà. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, àwọsánmà kan máa ń bo gúúsù láàárín òru, ó máa ń rẹlẹ̀, ó sì lè dúró títí ọ̀sán yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n. Òun ló ń jẹ́ kí àárọ̀ ìgbà òjò wa tutù. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje 2016, iṣẹ́ ìwádìí kan tí à ń pè ní DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní Kumasi nílẹ̀ Gánà, àti ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń kọ ní Savè sórí àwòrán ilẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti wo bí àwọsánmà yìí ṣe ń dá sílẹ̀ àti bó ṣe ń túká. Ọ̀pọ̀ àwòṣe ló ń kùnà níbẹ̀. Àwòṣe tí kò ní àwọsánmà yẹn á jẹ́ kí oòrùn wọlẹ̀ tààrà, ilẹ̀ á gbóná jù, òfin àfidípò á sì pe òjò lọ́sàn-án. Òjò ọ̀sán á wá mú ilẹ̀ tutù padà. Bí a bá wá ìpíndọ́gba ooru ọjọ́ náà, ó pé! Àṣìṣe méjì ti pa àṣírí ara wọn mọ́. Nítorí náà, mo máa ń ya ooru ọ̀sán sọ́tọ̀ kúrò lára ti òru. Ọ̀sán tó fi 2°C tutù jù àti òru tó fi 2°C gbóná jù yóò fún wa ní ìpíndọ́gba tí kò lábàwọ́n. Nígbà ọyẹ́, mo tún máa ń béèrè bóyá eruku wà nínú àwòṣe náà, nítorí eruku tó ń ti Bodélé ní Chad wá ń dí oòrùn lójú ní ilẹ̀ wa.

Ìpíndọ́gba tún ní ewu mìíràn, Ìbàdàn sì ti rí i. Oṣù kẹjọ ni òjò gúúsù ń sinmi, ohun tí ará ìlú ń pè ní "August break". Àwòṣe tó bá mú ìsinmi yìí, a máa ń yìn ín, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ ìlú, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 sì ni òjò tó ju mílímítà 180 lọ tún fa àgbàrá tó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Oṣù tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́jẹ́ ló bí ọjọ́ méjèèjì. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ìpíndọ́gba àwòṣe mẹ́wàá fún ẹni tó fẹ́ wa gọ́tà tàbí kọ́ afárá. Bí ìjì kan bá rọ̀ lọ́jọ́ Ajé nínú àwòṣe kan, tí òmíràn rọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìpíndọ́gba wọn ni òjò wẹ́wẹ́ ọjọ́ méjì. Ó dára fún ìwádìí omi ìdídò bíi Àṣẹ́jìré. Ó léwu fún ẹni tó ń gbé etí odò.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni kí a sọ ojú àwọ̀n di kékeré débi tí ìjì kò fi ní lè gba ibẹ̀ yọ. Ilé-iṣẹ́ Met Office ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta àwọ̀n olójú kìlómítà 4.5 bo gbogbo Áfíríkà, wọ́n pè é ní CP4-Africa, èsì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2018. Ojú àwọ̀n kan ti kìlómítà 50 gba irú ojú yìí tó lé ní 120. Wọ́n pa òfin àfidípò òjò rẹ̀ tì, kí ìjì lè ti inú físíìsì jáde fúnra rẹ̀. Òjò pẹ́ kó tó rọ̀, bíi ti òde, ìjì ń rìn, òjò ńlá sì tún jọ òjò ńlá. Nígbà tí wọ́n wá gbé e lọ sí ayé tó gbóná sí i, iṣẹ́ tí Elizabeth Kendon ṣáájú ní 2019 fi hàn pé òjò líle àti ọ̀dá ìgbà òjò yóò jọ le sí i ju bí àwòṣe olójú ńlá ṣe sọ lọ. Aago òjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ òde òní nìkan: àwòṣe tó ṣi aago lónìí lè ṣi ewu lọ́la. Síbẹ̀, ọdún mẹ́wàá péré ni wọ́n lè sáré rẹ̀ fún òde òní, mẹ́wàá fún ọjọ́ iwájú, nítorí owó àti iná tó ń jẹ. Ẹ̀rí àwòṣe kan sì nìyẹn. Ó nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Bí mo bá gba àwòṣe tuntun lónìí, aago òjò ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà iye ọjọ́ òjò àti bí ọ̀dá ṣe gùn tó láàárín wọn, lẹ́yìn náà àwọsánmà àti ooru ọ̀sán pẹ̀lú ti òru. Iye òjò ọdún ló ń gbẹ̀yìn. Àwòṣe tó bá yege nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, tí iye rẹ̀ sì fi ìdá mẹ́wàá yàtọ̀, mo lè bá a ṣiṣẹ́, nítorí mo mọ ibi tó ń gbà ṣe àṣìṣe. Èyí tí iye rẹ̀ pé, tí aago rẹ̀ sì yí, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìdánwò yìí ń béèrè lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Púpọ̀ nínú òṣùwọ̀n òjò tó wà ní ilẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni a ń kà á. Ó ń sọ iye. Kò sọ aago. Ẹ̀rọ tó ń kọ òjò sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú wà, irú èyí tí iṣẹ́ TAHMO ń gbé sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ohun tí à ń ná sórí kọ̀ǹpútà ńlá. Bí àwọn ìpínlẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti iléeṣẹ́ odò wa bá lè rì í mọ́lẹ̀ káàkiri, kí wọ́n máa tún un ṣe, kí wọ́n má sì ti àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́nú àpótí, a kò ní máa fi òṣùwọ̀n Norwich dájọ́ òjò Ìsẹ́yìn mọ́. Agbára ìṣirò ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, a sì lè yá a lò. Ẹ̀rí tí yóò sọ fún kọ̀ǹpútà pé irọ́ ló pa nípa òjò wa, kò sẹ́ni tí yóò bá wa kọ ọ́ sílẹ̀.